Onílù Tí Kì í Jẹun

Síkúẹ́ńsà analog ni ẹ̀rọ tí ń sọ fún ẹ̀rọ orin ìgbà tí yóò dún àti ohùn tí yóò fi dún. Áísì (IC) méjì tó láti ṣe iṣẹ́ náà. 555, tó jáde ní 1972, ni alágogo. 4017 ń ka agogo náà, ó sì ń gbé iná fún ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹsẹ̀ 3 ló ń ṣíwájú, 2 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 4, 7, 10, kó tó padà sí 1, bí ìgbà tí dánfó ń jà fún èrò ní Ìyànà Ìbà. Bí a bá so ẹsẹ̀ 9 mọ́ 15, tí ń dá kíkà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Nọ́ọ̀bù bíi ti fọ́lúùmù rédíò ń yan ohùn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ará Ọ̀jọ́ tàbí Òkòkòmáíkò kì í wá nọ́ọ̀bù jìnnà: òkú ampilifáyà tòkunbọ̀ kún Ọjà Alábà. Síkúẹ́ńsà yìí, onílù wa, kì í jẹun, kì í béèrè owó, kì í sì í sinmi. Onílé nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Bí iná bá lọ, bátìrì 9 fólítì á gbé e ró, yóò sì máa pàṣẹ fún sípíkà tó ti dákẹ́, bí ọba tí ìlú rẹ̀ ti ṣófo.