Tálì Tó Gbàgbé Ìwé Kejì

Aago kan ààbọ̀ òru ni, nínú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Kirikiri. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour", ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ojú kọ̀ǹpútà àlòkù kan ń da àmì àkámọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ àná kò bá lára mu. Àkámọ́ lórí àkámọ́, ìlà lórí ìlà. Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ti tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó mọ̀, ó sì ti tẹ méjì tí kò mọ̀.

Ìyá onílé kan ilẹ̀kùn. "Kọ̀ǹpútà!" Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé nìyẹn. "Kí ló ń ṣe nǹkan yẹn tí kò jẹ́ kó sùn? Ṣé ó ń bì ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó máa tó dákẹ́."

Òǹkọ̀wé yìí ni ọkùnrin náà. Èmi ni, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lọ́dún yẹn kò jẹ́ kí n lè la ẹnu pe "mo" láìbojúwẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní òǹkọ̀wé, kí ìtìjú náà lè jìnnà sí mi díẹ̀.

Iṣẹ́ tálì ni òǹkọ̀wé ń ṣe lọ́sàn-án, ní jẹ́tì kan nítòsí Kirikiri Lighter Terminal, lábẹ́ iléeṣẹ́ kan tí a ò ní dárúkọ. Tálì ni ẹni tó ń dúró ti ẹrù pẹ̀lú ìwé àti bírò. Báàjì dé, ó kà á. Ẹrù bọ́ sórí tírélà, ó tún un kà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, ó rò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe láítà tí wọ́n fi ń tanná sí sìgá ni wọ́n ń pè ní Lighter Terminal. Ó tiẹ̀ bi ọlọ́kadà tó gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá wọ́n máa ń tà á fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan péré. Ọlọ́kadà wò ó láti òkè délẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ gùn ká máa lọ."

Báàjì ni lighter, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba ẹrù lára ọkọ̀ ńlá kí ọkọ̀ ńlá lè fúyẹ́. Ọkọ̀ òkun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jìn ju omi etí jẹ́tì lọ kò lè sún mọ́ ilẹ̀, báàjì ló máa ń lọ bá a. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ ju ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ lọ, kó bi àwọn àgbà Apapa léèrè nípa ọdún 1975. Ìjọba ológun ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ sì tò sí ẹnu òkun Èkó tí wọn ò rí ibi gúnlẹ̀ sí, tí sìmẹ́ńtì ń dì nínú àpò.

Ọ̀rẹ́ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló fi Lisp han òǹkọ̀wé. John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ èdè yìí ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1960, Steve Russell tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ mú un rìn lórí ẹ̀rọ IBM 704. Nínú Lisp, gbogbo nǹkan ni àkámọ́: ètò fúnra rẹ̀, àti ohun tí ètò ń jẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé bá pàdé níbẹ̀ ni car. Ó wá ọkọ̀ náà títí. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Orúkọ apá kan nínú ẹ̀rọ IBM 704 ló lẹ̀ mọ́ ẹnu àwọn tó ṣe é. Apá yẹn ni wọ́n ń fi ohun àkọ́kọ́ pamọ́ sí, tí wọ́n ń fi apá kejì, cdr, tọ́jú ìyókù. Ẹ̀rọ náà ti di ohun mùsíọ́ọ̀mù, orúkọ kò kú.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí kéré sí ti Python. Ọ̀rẹ́ náà ní kó lo SBCL, ètò kan tó ń mú Lisp ṣiṣẹ́, èyí tí William Newman yà sọ́tọ̀ lára òmíràn tó ń jẹ́ CMUCL ní December 1999. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ àwàdà. CMU ni Yunifásítì Carnegie Mellon, irin ni Carnegie fi lówó, bánkì ni ti Mellon, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Steel Bank Common Lisp, Common Lisp sì ni irú Lisp tó ń lò. "Kọ̀ńpáílà inú ẹ̀," ọ̀rẹ́ náà sọ, "Python ló ń jẹ́." Òótọ́ ni. Wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní CMU kí Guido van Rossum tó gbé èdè tirẹ̀ jáde lọ́dún 1991. Òǹkọ̀wé kò mọ èyí. Ó ra dátà, ó gba èdè Python ti Guido sílẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin wá fáìlì kan tó ń jẹ́ ir1tran nínú rẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó pinnu pé ayédèrú ni wọ́n fún òun, ó sì pa á rẹ́. Ó tún ra dátà, ó tún gba ohun kan náà.

Ir1tran tó ń wá yìí ni ẹnu ọ̀nà ohun tó fẹ́ràn jù, tó sì dójú tì í jù. Kọ̀ńpáílà, ètò tó ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè ẹ̀rọ, kì í gbé e tààrà lọ fún ẹ̀rọ. Báàjì wà láàárín. Nínú SBCL, báàjì méjì ni: IR1 àti IR2. Nínú IR1, wọ́n ti tú àkámọ́ palẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti di nóòdù. Ref ni nóòdù tó ń mú iye kan wá. Combination ni èyí tó ń pe iṣẹ́ mìíràn. Cif ni èyí tó ń yan ọ̀nà. Òǹkọ̀wé bi ara rẹ̀ pé kí ni c ń ṣe níwájú if, ó ní ìgbéraga ni, ó sì lọ sọ tirẹ̀ ní if lásán. SBCL kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n ti ti ilé Common Lisp pa, kò sẹ́ni tó lè tún if tí ń bẹ nínú rẹ̀ dá. Ohun tí c ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Nóòdù nìkan kò tó. Nǹkan méjì ló so wọ́n pọ̀. Ctran ń sọ ẹni tó tẹ̀lé ẹni. Lvar ń gbé iye láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó. Nínú CMUCL, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní continuation ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àwọn tó ń tọ́jú SBCL ló pín in. Ẹ wo èyí:

(print (if ilẹ̀-mọ́ "Ẹ káàárọ̀" "Ẹ kú alẹ́"))

Ref méjì ló wà níbẹ̀ fún ìkíni, ọ̀kan fún òwúrọ̀, ọ̀kan fún alẹ́, ṣùgbọ́n lvar kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń kó ẹrù sí, ọ̀dọ̀ print ló sì ń lọ. Lvar náà ní àyè kan tó ń jẹ́ dest, tó ń sọ jẹ́tì tó ń lọ, àti òmíràn tó ń jẹ́ uses, tó ń sọ àwọn tó di ẹrù sínú rẹ̀. Àwọn nóòdù náà sì mọ lvar wọn. Igi ni òǹkọ̀wé rò pé wọ́n jẹ́. Àwọ̀n ni wọ́n, irú èyí tí àwọn Ìlàjẹ ń tún ṣe ní etí omi: ẹ fa okùn kan, mẹ́rin á mì.

Òǹkọ̀wé wọ inú SBCL pẹ̀lú ìgboyà. Ó kọ iṣẹ́ kékeré kan tó ń bẹ uses wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń bẹ ohun inú àkójọ wò. Ó fi ìkíni òkè yẹn dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó ra súyà. Lọ́jọ́ kejì, ó fi (print "Ẹ káàárọ̀") dán an wò, SBCL ní ohun tí òun bá níbẹ̀ kì í ṣe àkójọ. Òǹkọ̀wé dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Ó dá iná NẸ́PÀ lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá kó tó ka ìlà kan nínú fáìlì node.lisp: bí nóòdù kan ṣoṣo bá ń kó ẹrù sínú lvar, nóòdù náà gan-an ló ń wà nínú uses. Ó di ìgbà tí wọ́n bá lé ní ọ̀kan kó tó di àkójọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ lvar, ẹnì kan ló ń kó ẹrù sí i, kí wọ́n má baà fi àyè ṣòfò ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ahun ni mo ṣì ń pè é. Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé wọ́n ti ṣe do-uses sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.

Ó bínú kúrò níbẹ̀, ó ní òun á kọ kọ̀ńpáílà tòun.

Ibẹ̀ ni àkámọ́ aago kan ààbọ̀ ti wá. Ó ti dá nóòdù àti lvar tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá ní kí Lisp tẹ nóòdù kan jáde kóun fojú rí i. Lisp tẹ nóòdù. Nóòdù ní lvar, ó tẹ lvar. Lvar ní dest, ó tẹ dest. Dest náà mọ lvar yẹn, ó tún tẹ lvar. Common Lisp mọ bí wọ́n ṣe ń dá òbírí mọ̀, bí ẹ bá sọ fún un: *print-circle* ni kí ẹ tàn. Pípa ló máa ń wà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Òǹkọ̀wé kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, SBCL kígbe "Control stack exhausted". Epo jẹnẹrétọ̀ náà tán ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó kàn ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fẹ́ kí kọ̀ńpáílà rẹ̀ máa gé ohun tí kò wúlò. Bí ènìyàn bá kọ (+ 1 (if t 5 "bàtà")), bàtà kò lè dé ibẹ̀ láéláé, nítorí òótọ́ ni t lójoojúmọ́. Ó wá nóòdù bàtà, ó yọ ọ́ kúrò lórí ìlà, ó jù ú nù. Síbẹ̀ kọ̀ńpáílà ń pariwo pé ẹnì kan fẹ́ fi bàtà kún 1. Ó wo ètò náà, kò rí bàtà. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì tuntun, bàtà bá a débẹ̀. Irú ohun tó wà nínú lvar, àròpọ̀ irú gbogbo àwọn tó wà nínú uses ni, orúkọ bàtà ṣì wà nínú uses. Ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé ti gé okùn náà.

Ní oṣù kan náà, awakọ̀ tírélà kan fi ọjọ́ mẹ́ta sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹnu jẹ́tì, ó ń retí kọ̀ǹténà kan. Kọ̀ǹténà náà ti bá báàjì mìíràn lọ. Òǹkọ̀wé ti fi bírò pupa fa ìlà sí i nínú ìwé báàjì.

Ọ̀gá tálì pè é. "Tálì, ìwé mélòó lò ń kọ?"

"Méjì, sà. Ti báàjì àti ti tírélà."

"Mélòó lo pa rẹ́?"

Òǹkọ̀wé ya ẹnu, kò fèsì. Ọ̀gá rò pé ẹ̀bi ló mú un dákẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn jẹ́jẹ́. Bàtà ni òǹkọ̀wé ń rò. Ọdún kẹfà tó ti ń fi ìwé méjì jẹun rèé, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òru ló ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń pa orúkọ rẹ́ nínú ẹyọ kan.

Ó lọ sílé, ó kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gé okùn ní ìpẹ̀kun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fòfin de ara rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ gé e mọ́. Ó kọ olùṣàyẹ̀wò kan pẹ̀lú, tó ń rìn kiri láti wo bóyá gbogbo ẹni tí lvar dárúkọ náà dárúkọ lvar padà. Ó jí orúkọ méjì fún un láti inú CMUCL, níbi tí irú olùṣàyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ kedere, á ké "barf", ìyẹn ni pé ó bì. Bí nǹkan bá kàn ń rùn díẹ̀, á ní "burp", ó gùnfẹ̀. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bì títí.

Nípa IR2, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún iye kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìgbà díẹ̀, TN, tí wọ́n sì ń wá rẹ́jísítà, yàrá kékeré inú ẹ̀rọ, tó máa gbé. Ẹ̀rọ x86-64 ní 16 fún gbogboogbò, ibùgbé kò sì tó. Òǹkọ̀wé rántí ilé tó ń gbé, níbi tí gáàdì òru àti ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ti jọ ń lo bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo láìjà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún TN: bí ọ̀kan bá jáde, kí òmíràn wọlé. Ó gbàgbé ọjọ́ Sunday, tí gáàdì kì í lọ síbi iṣẹ́. Lúùpù, iṣẹ́ tí ètò ń ṣe léraléra, ni Sunday kọ̀ńpáílà. Iye tó rò pé ó ti jáde tún padà wá bèèrè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní kí ètò náà ka báàjì láti 1 dé 10. Ó ka báàjì 2 títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó ti tún ìyẹn ṣe. Ètò kékeré ń gba inú rẹ̀ kọjá báyìí, wọ́n sì ń gúnlẹ̀ láyọ̀. Àfi tí lúùpù méjì bá wà nínú ara wọn. Olùṣàyẹ̀wò á sọ "burp" lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, iṣẹ́ náà á sì parí dáadáa. Òǹkọ̀wé ti wá ìdí rẹ̀ fún oṣù méjì.

Lálẹ́ àná, ìyá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà. "Kọ̀ǹpútà, kò ké lónìí. Ṣé ara ẹ̀ ti yá?"

"Ó ti yá, mà. Ó kàn gùnfẹ̀ ni."