Ẹ Bi Ẹni Tó Wà ní Tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ sún fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Fíìmù àwọn ọmọ oṣó yẹn ni o, Harry Potter, apá kejì, èyí tí wọ́n pè ní Chamber of Secrets. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fíìmù tó ti jáde láti 2002, kí ló kù tá a tún fẹ́ sọ nípa ẹ̀? Ó kù o! Àwọn òyìnbó tó ṣe é ò dé Itele wa lágbègbè Ọ̀tà níbí rí, àmọ́ mi ò tíì rí fíìmù tó mọ ìwà àwa ará ilé fés-mì-áì-fés-yù tó èyí.

Ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Sàngó tẹ́ ẹ kì í jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án, òun ló gbé e dé nínú fláàṣì. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì àbọ̀, a sì ní láti dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù ní òun ò bá ọmọdé wo àwòrán, òun ò sì ní dá kọ́bọ̀. Ta ló wá jókòó síwájú pátápátá? Àga ìrọ̀gbọ̀kú ẹ̀ ni ò jẹ́ káwa tó wà lẹ́yìn ríran. Kò sì dákẹ́. Igi tó ń lu èèyàn, "Fágúnwà ti kọ ọ́." Aláǹtakùn tó tóbi ju ilé lọ, "Fágúnwà ti kọ ọ́." Ká má parọ́, bàbá ò jayò pa: Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní 1949, Fágúnwà sì ti kú ní 1963, ọdún méjì kí wọ́n tó bí J. K. Rowling tó kọ ìtàn Harry. Ṣùgbọ́n ṣé ìgbà tí ejò fẹ́ yọjú ló yẹ kí èèyàn máa ka ọdún?

Ẹ sì mọ̀ pé ìlú tá a wà yìí, orúkọ ẹ̀ ti jáde. Ẹni tó bá ríṣẹ́ sí Ọ̀tà láti ọ̀nà jíjìn, ìyá ẹ̀ á ti kìlọ̀ fún un kó má gba àkàrà lọ́wọ́ màmá arúgbó. Wọ́n ní ilé àwọn ìyá wa ni, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn kan náà o, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àjogúnbá iyebíye gbogbo ayé! Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ìyá wa, ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù? Àwọn ti inú fíìmù ń lọ síléèwé. Wọ́n ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń kọ ìdánwò. Nígbà tí ọ̀gá àgbà kéde níparí pé kò ní sí ìdánwò lọ́dún náà, ariwo táwọn ọmọ ilé wa pa, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ayọ̀bọ̀. Richard Harris ló ṣe ọ̀gá yẹn, ó sì kú ní oṣù kẹwàá 2002, kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí fíìmù tó dé sinimá. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá. Ẹni tó gba ipò ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohùn yẹn, ha!

Kí ni mo ń sọ gan-an? Ẹn-ẹn, mọ́tò. Mọ́tò Ford búlúù kan wà tó ń fò lójú ọ̀run, òun ni Ron, ọ̀rẹ́ Harry, fi lọ yọ ọ́ kúrò nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ẹ mọ ọ̀nà tiwa nígbà òjò, mi ò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mí kanlẹ̀. Ìyá Ron wá tìtorí mọ́tò náà fi lẹ́tà pupa kan ránṣẹ́, lẹ́tà náà lanu, ó ń jágbe mọ́ ọmọ níbi tí gbogbo ilé ìwé ti ń jẹun. Ìyá Ìbejì fò dìde. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń tà á, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ òun níbi iṣẹ́.

Tíṣà Lockhart ńkọ́? Kenneth Branagh fi ẹ̀rín àti eyín funfun ṣe é débi pé mo fẹ́ràn ọ̀bàyéjẹ́ náà. Gbogbo iṣẹ́ ìyanu tó kọ sínú ìwé, tẹlòmíràn ló jí. Ọmọ ṣẹ́ lápá, ó ní òun á tò ó, ńṣe ló pa eegun apá náà rẹ́ pátápátá. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ojú Ìyá Ẹlẹ́kọ ti yí sí ọ̀dọ̀ alágbo wa. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Myrtle lọ̀rọ̀ mi dá lé. Iwin ọmọbìnrin kan tó máa ń sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni, Shirley Henderson ló ṣe é, ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 35 nígbà náà, ẹ ò lè mọ̀! Ejò ńlá kan ń jà níléèwé, ẹni tó bá wò ó lójú kòrókòró á kú, ẹni tó bá rí òjìji ẹ̀ nínú omi tàbí dígí á gan. Ológbò ló kọ́kọ́ gan, omi tó sì rí i nínú ẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì Myrtle ló ti ṣàn wá. Ṣé ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé omi náà? Ó tì o. Harry, Ron àti Hermione ọ̀rẹ́ wọn tiẹ̀ wá ń se àgbo nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an, àgbo tó gba odindi oṣù kan, Myrtle ń fò lọ fò bọ̀ lórí wọn. Wọn ò bi í! Ojú ihò ejò náà kò sì ju ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ lọ.

Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ adìyẹ Ìyá Ìbejì nìyẹn? Nígbà tí adìyẹ ń dín lójoojúmọ́, tí gbogbo wa ń wo Bọ̀dá Mẹkáníìkì, torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tó sì fín apá. A ṣèpàdé. A ní kó ṣàlàyé ara ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ti ń di ẹrù. Màmá Àgbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ń jókòó sí látàárọ̀ torí orúnkún, ó kàn ní, "Awọ́nrínwọ́n inú gọ́tà yẹn ti yó." Awọ́nrínwọ́n! Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látijọ́? Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Lẹ́yìn 50 ọdún tí Myrtle ti kú, Harry ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í pé báwo ló ṣe kú. Ẹ rí ojú ọmọ náà! Inú ẹ̀ dùn, ó gún régé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò: wọ́n fi awò ojú òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun sá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òun gbọ́ ohùn ọkùnrin, òun ṣílẹ̀kùn, ojú ńlá méjì. Ó ti parí. Hagrid, ọ̀rẹ́ àwọn Harry, ni wọ́n ti lé kúrò níléèwé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún nítorí ẹ̀sùn yìí, torí pé ó ń sin aláǹtakùn, wọ́n tún ti gbé e lọ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní ẹnì kan ti bi Myrtle ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, epo jẹnẹrétọ̀ wa ì bá ṣẹ́ kù.

Nígbà tí wọ́n dá Hagrid sílẹ̀, tó wọ yàrá ìjẹun pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀, Harry dìde, ó dì mọ́ ọn, àwọn tó wà níbẹ̀ sì dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nínú ilé tiwa, Bọ̀dá Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù náà pa á, kò tiẹ̀ rántí Fágúnwà.

Apá kẹta ti wà nínú fláàṣì. Lálẹ́ Sátidé ni o. Kí kálukú mú àga tiẹ̀ wá, kí ẹ sì bá mi sọ fún bàbá kó jókòó sẹ́yìn.