Lẹ́tà Ṣíṣí sí Aṣọ́bodè Ilé Ìdáná

Kọ́lá, àbúrò mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá aṣọ́bodè! Ìròyìn rẹ ti dé etí mi láti Massachusetts. Wọ́n ní o ti kó gbogbo ike ilé dànù, títí kan èyí tí Màmá fi di ẹ̀gúsí fún yín. Wọ́n ní o gba ìpara lọ́wọ́ ìyàwó wa, o sì ń tú báàgì rẹ̀ wò bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bodè Seme wọlé. Ìwọ tí o kì í ka ìwé àdéhùn ilé kí o tó buwọ́ lù ú, ìwọ lo wá di akàwé ẹ̀yìn ìgò ọṣẹ!

Òótọ́ ni pé ìwádìí tó lé oorun lójú rẹ kì í ṣe àhesọ. Ní 2004 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ̀ àwọn tó ń wá ọmọ ní Massachusetts General Hospital ní Boston, tí wọ́n ń wo kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀. EARTH ni wọ́n pe ìwádìí náà. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 sọ nípa obìnrin 256 àti oyún 303. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú oyún náà bàjẹ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Àwọn tí àmì DEHP pọ̀ jù nínú ìtọ̀ wọn ni ewu náà pọ̀ sí fún, pàápàá oyún tó jẹ́ pé àyẹ̀wò nìkan ló mọ̀ pé ó wà, tó ti lọ kí skáànù tó rí i. DEHP yìí ni wọ́n ń pò mọ́ ike PVC kó lè rọ̀. Ẹnu la sì ń gbà gbé e mì jù, pẹ̀lú oúnjẹ.

Ibi tí o kà dé nìyẹn, o sì pa ìwé dé. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gba ìtọ̀ ọkọ náà? Ní 2005, àwọn kan lára wọn gbé ìwádìí mìíràn jáde nípa àwọn ọkùnrin: ẹni tó bá fi lọ́fínńdà sára láàárín wákàtí 48 kó tó fún wọn ní ìtọ̀, MEP (àmì kẹ́míkà kan tó máa ń wà nínú lọ́fínńdà) inú ìtọ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò fi. Kọ́lá, ìwọ tí à ń gbọ́ òórùn rẹ látẹnu géètì! (Má wulẹ̀ bá mi jiyàn, mo mọ̀ pé MEP kì í ṣe DEHP. Ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹ̀sùn wọn ò papọ̀. Ṣùgbọ́n ìpara olóòórùn dídùn tí o gbà yẹn, ẹgbẹ́ lọ́fínńdà rẹ ni.)

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ará Amẹ́ríkà kan tí wọn ò ní bá àmì DEHP lára rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára gan-an, ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ṣé wàá lọ ti ilé ìwòsàn pa ni? Ìwádìí náà ò sì sọ pé ohun báyìí ló ba oyún lágbájá jẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé, nígbà tí oyún ìyàwó wa wálẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ ni “Kí lo jẹ?” Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Tọrọ àforíjì.

Tí iṣẹ́ bá ń wù ọ́ ṣe, ra abọ́ gíláàsì. Má gbé oúnjẹ inú ike sínú microwave mọ́. Kó o sì máa se ọbẹ̀ fúnra rẹ, ọwọ́ rẹ ò ní bó. Ní ti ìgò lọ́fínńdà dúdú orí dírẹ́sà rẹ, mo ti pe ìyàwó wa. Ó ní òun ti rí ibi tóun máa jù ú sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àǹtí Bọ́lá