Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Oníkọ́ọ̀bù Mẹ́ta

Nínú ìwé ìtàn kan, bàbá kan kú, ó fi màlúù 180 sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, ẹ mọ ibi tí màlúù ọ̀hún ì bá wọ̀: òkú á dùn, aṣọ ẹbí á jáde, olórin á kọrin mọ́jú, gbèsè á sì dúró de ọmọ olóòkú. Precious Ramotswe ní tirẹ̀ ta màlúù, ó fi dá ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ nídìí òkè Kgale, ní Gaborone, olú-ìlú Botswana.

Ẹ wo ọ́fíìsì: tábìlì méjì, àga méjì, tẹlifóònù, ìkòkò tíì kan, kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ti Ìyá Ramotswe, ti akọ̀wé, ti oníbàárà. Oníbàárà tó bá mú ìyàwó rẹ̀ dání, kí ìyàwó máa wòran. Ìbọn ńkọ́? Kò sí. Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde nínú ìwé Àjà Ló Lẹrù lọ́dún 1969, a máa sáré, a máa jà. Ìyá tiwa yìí, bí ọ̀ràn bá dé, á gbé omi kaná. Bí ọ̀ràn bá le, á tún gbé òmíràn.

Akọ̀wé rẹ̀, Makutsi, gba máàkì 97 nínú 100 níléèwé akọ̀wé; bí o kò bá tíì gbọ́, o ò tíì jókòó tì í. Matekoni mẹ́káníìkì ńkọ́? Inú ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ ìtàn yìí, tó jáde lọ́dún 1998, ni ìyá ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ó di ìwé karùn-ún kí wọ́n tó ṣègbéyàwó! Bí mọ́tò oníbàárà bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọlọ́pàá ni wọn ì bá fi gbà á.

Alexander McCall Smith, òyìnbó ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tí wọ́n bí ní Bulawayo, ló kọ ọ̀wọ́ ìtàn náà. Ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Botswana, ìdí nìyẹn tí eruku ibẹ̀ fi ń bo ojú ìwé.

Àmọ́ ẹ má fojú di onítíì. Ọkùnrin kan yọ sí oníbàárà ìyá kan, Happy Bapetsi, ó lóun ni bàbá rẹ̀ tó sọnù. Ó jókòó tì í, ó ń jẹ, kò ṣiṣẹ́. Ìyá wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ bá a: ọmọ yín fara pa, ẹ̀jẹ̀ yín la fẹ́ gbà fún un, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kú síbẹ̀. Kíá ni bàbá rántí pé òun kọ́ ló bí i.

Ẹ wá ìwé náà kà. Ṣùgbọ́n ẹ mú kọ́ọ̀bù yín dání o, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lólúwa.