Ìjà Ọ̀rẹ̀ Ti Alẹ́

Lọ́dún 1967, ìlú Ọ̀rẹ̀ ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró. Ibẹ̀ la ti ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Lóde òní, ìjà ohun tí a ó jẹ ni, alẹ́ ló sì ń bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ létí títì márosẹ̀ bá wọlé, tí gbogbo ilé ń wò ó lọ́wọ́.

Bàbá ń dárúkọ iyán. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ ọjà, kó dìde lọ di ọmọ odó mú.

Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lọ̀gá. Àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ti bá wa jìyà rẹ̀: wọ́n ti rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ti fún un, wọ́n ti fi èéfín yan án gbẹ. Tiwa ò ju ká ha èèpo dúdú rẹ̀ kúrò, ká gún un, ká kù ú, ká rò ó lórí iná.

Ilá, irú, ẹja gbígbẹ: ọbẹ̀ dé. Ẹ fọ́ ẹja náà wẹ́wẹ́ sínú ilá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà kì í dá ìjà sílẹ̀. Bí bàbá bá ṣì ń béèrè ẹran, ẹ ní àwọn èrò ọkọ̀ Benin ti jẹ ẹ́ tán ní búkà.