Àlejò Elétí Gígùn Nílé Ológbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọṣọ lọ́wọ́ tí wọ́n sì mú iná lọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ ehoro ni. Ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná o! Kì í ṣe ehoro ọbẹ̀.

Ìyá kan ló pè wá láti Bódìjà. Ó ní àwọn ọmọ òun sunkún ehoro títí bàbá wọn fi ra ọ̀kan wálé, funfun báláú, ojú pupa yòò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ológbò méjì ti wà nílé ṣáájú, wọ́n ti di onílé, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ sí. Ìyá ní, "Ẹ gbà mí o, báwo ni mo ṣe máa fi wọ́n mọ ara wọn tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní ta sílẹ̀ ní pálọ̀ mi?"

Ìyá wa, ẹ jókòó. Ológbò, ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Ehoro, ẹran ni òun fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ wo ojú wọn. Ojú ọdẹ ni ti ológbò, iwájú ló wà, ibi tó fẹ́ bẹ́ lé ló ń wò. Ti ehoro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sì ní láti yí ọrùn kó tó rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí kò rí ni iwájú imú ara rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá nawọ́ sí i nímú tó sì ta kìjí, ẹ má bínú, kò rí yín ni.

Ojo ni ehoro, kò sì tijú láti jẹ́ ojo. Ẹ̀rù nìkan lè pa á láìjẹ́ pé ológbò fọwọ́ kàn án. Àyà rẹ̀ lè já débi pé kò ní jẹun mọ́, bí kò bá sì jẹun fún nǹkan bíi wákàtí 12, ìfun rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ẹranko lẹ máa sáré wá nígbà yẹn.

Torí náà, ẹ má gbé àlejò sílẹ̀ láàárín pálọ̀ kẹ́ ẹ wá máa pe ológbò pé kó wá kí i. Imú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ fún ehoro ní yàrá tirẹ̀, kẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn. Ẹ mú aṣọ ìnura tó mọ́, ẹ fi ra á lábẹ́ àgbọ̀n, torí ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti ń jáde, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ abọ́ oúnjẹ ológbò. Ológbò á gbóòrùn, á yínmú, á wò yín látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wò. Lọ́jọ́ tó bá jẹ ẹja rẹ̀ tán lórí aṣọ náà láìbìkítà, ọ̀rọ̀ ti ń yanjú nìyẹn. Ẹ gbé aṣọ tó ní òórùn ológbò náà wá fún ehoro.

Lẹ́yìn ìyẹn lojú á tó rí ojú. Ehoro á wà nínú àgò onírin, pẹ̀lú páálí tó lè sá sí. Ológbò á wà níta, ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀. Tí ológbò bá jókòó, tó ń lá ara rẹ̀, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n tó bá ba mọ́lẹ̀, tí ojú ò ṣẹ́, tí ṣóńṣó ìrù ń jó, tí ìdí sì ń mì, kì í ṣe ìkíni ló ń kí o! Ẹ gbé e jáde. Ẹ má lù ú, torí bẹ́ ẹ bá lù ú nítorí àlejò, àlejò ló máa kórìíra. Ehoro náà lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lulẹ̀, gbì! Ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ilé ni. Ẹ gé èékánná ológbò pẹ̀lú, torí awọ ehoro fẹ́lẹ́. Bó bá ya á, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Bó bá sì jẹ́ ológbò tó ń pa alángbá lójoojúmọ́ ni, tó ń kó òkú rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń san owó ilé, ẹ má fi ọmọ ehoro hàn án rárá.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé... ẹ̀yin àgbà mọ ìyókù. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ lọ bi bàbá yín.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé, nílé púpọ̀, ehoro ló ń padà jẹ gàba. Irú funfun tẹ́ ẹ rà yẹn lè tó kílò 4 sí 5 bó bá dàgbà, ọ̀pọ̀ ológbò ilé wa ò tó bẹ́ẹ̀. Á lé ológbò gun orí fìríìjì. Á fi àgbọ̀n nu ẹsẹ̀ tábìlì, á fi nu bàtà bàbá. Òǹtẹ̀ ló ń lù ú, ó ti di tirẹ̀. Eyín rẹ̀ kì í yé hù, wáyà tẹlifíṣọ̀n yín ló sì máa fi pọ́n ọn. Á tún fẹ́ tọ́ oúnjẹ ológbò wò. Ẹ má gbà fún un. Koríko lẹ ó fún un, àti yúnyún, àti ewé ọ̀dùnkún.

Ìyá wa, ká sòótọ́, ológbò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nílé yín. Ológbò á gbà tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ńkọ́? Kò ní tíì jókòó tán tó fi máa ní, "Ẹran yìí mà ti sanra." Aládùúgbò á na ọrùn lórí ògiri, "Ìgbà wo la máa pa á?" Kò sí aṣọ ìnura tẹ́ ẹ lè tẹ́ sábẹ́ abọ́ tiwọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn ọmọ tètè sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ gidi. Ẹ pè é ní Àjọkẹ́. Ká wo ẹni tó máa bu iyọ̀ sí Àjọkẹ́.

Ẹnì kan tún wà lórí fóònù láti Ṣàgámù, ó ń pariwo pé ehoro òun ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ lóru. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ìgbẹ́ rírọ̀ nìyẹn, oúnjẹ ṣì kù nínú rẹ̀, wọ́n sì dá a báyẹn ni. Ẹ ṣáà má wò ó tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìpolówó ọjà.