Ìkùukùu Kì í San Owó Aṣọ Ẹbí

Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti rí álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ọmọ aláṣọ iwájú ilé? Ẹ ò tíì rí i? Ẹ fa àpótí yẹn, kẹ́ ẹ jókòó. Òun nìyí lábẹ́ apá mi. Wọ́n ní kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mọ̀ mí nínú ọgbà yìí, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí fótò bá sọ ni mo ń tún sọ.

Léèsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n dá fún wa. Iye tí wọ́n gbà lórí ẹ̀, mi ò ní í sọ ọ́, torí bàbá àwọn ọmọ mi ń gbọ́ wa láti yàrá. Ní tiyín, ẹ ní ibà dè yín mọ́lẹ̀, ẹ ò ra aṣọ, ẹ ò sì lè lọ. Ó dáa. Nígbà tí a débẹ̀, oúnjẹ ò tètè kan tábìlì wa. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, alága ìjókòó ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò wọlé, wọ́n tún padà sílẹ̀, ebi ń pa wá. Ìgbà tí jọ̀lọ́ọ̀fù máa fi dé, ẹran orí ẹ̀ kéré débi pé mo bi ọmọ tó gbé e wá bóyá ó ti bá mi tọ́ ọ wò.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n, onífótò.

Kámẹ́rà méjì ló gbé kọ́rùn. Dígí ti ọ̀kan yọ síta roboto bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, kí lèyí?" Ó ní, "Mọ́mì, fisheye ni, ojú ẹja." Ẹ sì mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ẹni tí mò ń bi ló máa ń rẹ̀. Ó ní òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Robert Wood, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1906. Bàbá náà fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí lójú ẹja tó wà lábẹ́ omi, ló bá fi korobá omi ṣe kámẹ́rà. Nígbà tó di 1923, Robin Hill, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lẹ́ńsì tó lè gba gbogbo ojú ọ̀run sínú fótò kan ṣoṣo, kí wọ́n lè máa fi ya ìkùukùu.

Ìkùukùu o, Ìyá Ìbejì! Ìkùukùu ò wé gèlè, kì í san owó aṣọ ẹbí, kì í sì í wá sílé onífótò lọ́jọ́ kejì láti jà pé wọn ò ya òun dáadáa. Ta ló wá gbé irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ wọ òde ìyàwó?

Ọmọ náà ní láti igun fótò dé igun kejì, 180 dígírì ló ń gbà. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀gbẹ́ lòun wà, ó ti wọlé. Ohun tó bá sún mọ́ ọn á wú, ohun tó bá sún sẹ́yìn díẹ̀ á di kékeré. Ìlà tó bá gba àárín kọjá á gún régé, èyí tó bá wà létí á tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀gá ẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ya ẹbí tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láé, torí àwọn tó wà ní ìkángun ló máa jìyà ẹ̀. Ìgbà tí ijó bá gbóná ni kó gbé e jáde, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó sì dá a padà sápò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó gun àga, ó na kámẹ́rà sókè orí èrò. Ẹ wò ó: tọkọtìyàwó láàárín, owó ń fò, gbogbo wa yí wọn ká. Ẹ ò rí i pé ó dára?

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ! Obìnrin yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun. Bí ọmọ náà ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àga báyìí, ó ti dúró sí i níwájú gbágbágbá, ó na owó sí ìyàwó. Ẹ ṣí ojú ewé kejì. Ọwọ́ ẹ̀ tóbi ju orí ìyàwó lọ! Gèlè ẹ̀ bo ọkọ mọ́lẹ̀, bàtà la fi dá ọmọ ẹ̀ mọ̀. Ó ní onífótò dójú ti òun. Ọmọ náà rọra ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn." Àbúrò ọkọ tó wà létí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ yẹn, mo gbọ́ pé kò jẹ ẹ̀bà lálẹ́ mọ́.

Èmi ò bínú sí lẹ́ńsì yẹn ṣá. Àwọn lẹ́ńsì tó kù, ìyàwó nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Eléyìí ò mọ ẹni tí wọ́n pè yàtọ̀ sí ẹni tí wọn ò pè. Ṣé ẹ rí ìyá elépo tó búra pé ẹnikẹ́ni ò fún òun ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà? Ẹ wo abẹ́ àga ẹ̀. Kúlà mẹ́ta.

Ẹ tún wo òpó tó tẹ̀ yẹn, nítòsí ilé ìdáná. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tí kò wọ léèsì, tó ń di ẹran sínú ọ̀rá… Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ibà yẹn ti lọ?